Wákàtí Mẹ́jọ ní Salvador: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ìbàdàn Tí Ọkọ̀ Òkun Bá Gbé Dé Bahia

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ máa ń pọ̀ ní etíkun Bràsíl. Àwọn kan ń ti Yúróòpù sọdá wá, àwọn kan sì ń rìn láti èbúté dé èbúté ní ilẹ̀ Bràsíl fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń yà ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia. Ìdúró náà kì í pẹ́. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ láàárọ̀, á sì tún ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Bí a bá yọ àkókò tí èrò fi ń tò sọ̀kalẹ̀ kúrò, tí a tún yọ àkókò tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé padà, ohun tí ó kù kì í sábà ju wákàtí 8 lọ, ó sì lè máà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pàápàá àwọn òbí tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ wọn ní òkè òkun ń san owó irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún, nítorí pé ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń kọ sínú ìwé wọn nípa Salvador, àwọn òyìnbó tí ó fẹ́ yá oòrùn létí òkun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá ní ohun mìíràn láti wò níbẹ̀. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, tí àwọn jagunjagun fi wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, ogun yẹn náà ni ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa di ẹrú tí wọ́n kó gba Èkó àti Wídà lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ìmọ̀ràn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ẹ fi etí òkun sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ ẹ, kí ẹ gòkè lọ sí ìlú àtijọ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín rìn ín. Kò fẹ̀ rárá, wákàtí tí ẹ ní yóò sì tó o bí ẹ bá tò ó dáadáa.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹni tí ó bá gbé páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Bràsíl kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Salvador, ì báà ṣe wákàtí díẹ̀ ni yóò lò níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti gbé e láti èbúté àkọ́kọ́ bí wọn kò bá rí físà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbújá ni ẹ́ńbásì Bràsíl wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Èkó tí ó sún mọ́ wa jù ú lọ. Bí ọkọ̀ yín bá máa ṣí láti Lisbon, Barcelona tàbí Genoa, ẹ ó nílò físà Schengen pẹ̀lú, bí ọkọ̀ náà bá sì tún máa padà sí Yúróòpù lẹ́yìn Bràsíl, físà tí ó fàyè gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ bèèrè fún, nítorí pé lójú òfin, ẹni tí ó bá ti dé Bràsíl ti jáde kúrò ní ilẹ̀ Schengen pátápátá. Ibi yìí ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ta ìrìn-àjò náà fún yín bá sọ lórí fóònù kò tó láti gbára lé. Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni káàdì rẹ̀ ń di ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ibodè, kí ẹ sì mú káàdì náà dání pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù. Ní ti owó, real ni owó Bràsíl. Wọ́n ń gba káàdì báńkì ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ báńkì yín kí ẹ tó lọ bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, kí ẹ sì mú dọ́là tàbí yúrò díẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ lè ṣẹ́. Owó kéékèèké ni kí ẹ gbà níbi tí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, nítorí pé ìyá tí ń dín àkàrà kò ní ṣẹ́ńjì owó ńlá láàárọ̀.

Bàtà ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Òkúta ni wọ́n tò sí ojú pópó ìlú àtijọ́, ọdúnmọ́dún ni ẹsẹ̀ sì ti ń tẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi ń dán. Bí òjò bá fọ́n sí i, ó ń yọ̀. Ẹ wọ bàtà abẹ́ pẹlẹbẹ tí ó di ẹsẹ̀ mú. Ẹ mú fìlà tàbí agboòrùn, nítorí pé àkókò tí àwọn ọkọ̀ ń dé yìí ni oòrùn ibẹ̀ mú jù lọ, àti ike omi kan. Wúrà, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti aago olówó iyebíye, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró nínú ọkọ̀, tàbí kí wọ́n dúró ní Ìbàdàn.

Alẹ́ tí ó ṣáájú ìgúnlẹ̀

Gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń fi ìwé ètò ọjọ́ kejì ránṣẹ́ sí yàrá èrò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, nítorí pé ohun mẹ́ta tí ẹ ó nílò níta wà lára rẹ̀: orúkọ ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé, àti nọ́ńbà fóònù aṣojú ọkọ̀ ní èbúté náà. Aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé yàtọ̀ sí aago tí ọkọ̀ yóò ṣí. Ó ń ṣáájú rẹ̀ ní ìdajì wákàtí tàbí wákàtí kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí bóyá aago inú ọkọ̀ bá aago ìlú mu. Salvador fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ lè pinnu láti má yí aago ọkọ̀ padà, fóònù yín yóò sì yí ara rẹ̀ padà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aago ọkọ̀ ni kí aago ọrùn ọwọ́ yín máa tẹ̀lé.

Ẹ gba máàpù ìlú náà sórí fóònù nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ọkọ̀ bọ́ sí: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé púpọ̀ kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, àwọn mìíràn kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ wo ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ tó fi ọkàn sí èyíkéyìí. Bí ó bá bọ́ sí àsìkò Kànífà, ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ìlú yóò kún dẹ́múdẹ́mú, ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí kò sì ní ṣeé ṣe ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn kan yóò bèèrè bóyá ó sàn kí àwọn bá ètò tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lọ. Àǹfààní kan pàtàkì ni ó wà níbẹ̀: bí bọ́ọ̀sì ọkọ̀ bá pẹ́, ọkọ̀ yóò dúró dè yín. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí ó ń rìn ní òun nìkan, mo lè fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkókò irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú bọ́ọ̀sì àti ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìlú tí a sì wá wò kò ju kìlómítà kan sí èbúté. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dá lọ.

Láti èbúté dé òkè

Ìlú náà pín sí ìsàlẹ̀ àti òkè. Ìsàlẹ̀, tí ó wà létí omi, ni èbúté, báńkì àti ilé ìṣòwò wà. Orí òkè ni àwọn gómìnà Potogí àti àwọn àlùfáà kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí, ògiri òkè tí ó ga ní nǹkan bí mítà 70 ni ó sì là wọ́n láàrin. Bí ẹ bá ti jáde ní ẹnubodè èbúté, ẹ yà sí ọ̀tún, kí òkun wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín bí ẹ ti ń lọ. Ìrìn náà kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Àwọn awakọ̀ takisí yóò tò síwájú yín, wọn yóò sì sọ pé ibẹ̀ jìn tàbí pé ó léwu; ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ láàrin àwọn èrò ọkọ̀ yòókù.

Ẹ ó rí ẹ̀rọ agbénigòkè náà láti òkèèrè. Elevador Lacerda ni wọ́n ń pè é. Ó ga tó mítà 72, láti 1873 ni ó sì ti ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí tí ó ní lónìí jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n tún un kọ́ ní nǹkan bí 1930. Kò gba ìṣẹ́jú kan láti dé òkè. Bí wọ́n bá ti í fún àtúnṣe, ọkọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi okùn irin fà gun ògiri òkè, Plano Inclinado Gonçalves, tí ó ń já sí ẹ̀yìn kàtídírà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wọ takisí. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ gun Ladeira da Montanha àti àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mìíràn tí ó so ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ òkè. Wọ́n dá páropáro, wọ́n sì lórúkọ burúkú.

Ní ìdojúkọ ẹ̀rọ náà ní ìsàlẹ̀ ni ọjà Mercado Modelo wà. Ẹ má wọ̀ ọ́ báyìí. Ẹrù ni ẹ ó kó jáde níbẹ̀, ẹ ó sì gbé e kiri orí òkè nínú oòrùn. Ẹ padà wá síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé.

Orí òkè

Gbàgede Tomé de Sousa ni ẹ ó bọ́ sí, orúkọ ọkùnrin tí ọba Potogí rán wá dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1549. Ẹ kọ́kọ́ yíjú padà, kí ẹ wo omi. Ará Ìbàdàn tí ó bá ti gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀ mọ bí ìlú ṣe ń tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ ojú. Òkun ni ó tẹ́ síbẹ̀ dípò òrùlé, ọkọ̀ yín yóò sì kéré lójú yín.

Nítòsí gbàgede yìí ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Ladeira da Praça ti sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun púpọ̀ láti fojú rí níbẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ ọ̀tẹ̀ láti inú ilé kan ní ọ̀nà yìí. Málè ni àwọn ará Bahia ń pè wọ́n. Nàgó ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tó bíi 600. Ẹnì kan ti tú àṣírí wọn, àwọn agbófinró sì ká wọn mọ́lé kí ilẹ̀ tó mọ́, ni ìjà náà bá tú jáde ṣáájú àkókò tí wọ́n dá. Wọ́n jà káàkiri ìlú títí wọ́n fi dé Água de Meninos létí omi, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ìjọba ti ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tí ó ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì bá tiwọn lọ nítorí ìnira. Lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Àgùdà Èkó ti wá, àwọn ni wọ́n mú ọ̀nà ìkọ́lé alájà àti ọnà sìmẹ́ǹtì ara fèrèsé wá, èyí tí a ṣì ń rí lára àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn títí di òní. Bí ẹ bá gbójú sókè wo fèrèsé Pelourinho, àdúgbò ìlú àtijọ́ tí a ń lọ yìí, ẹ ó dá wọn mọ̀.

Láti gbàgede náà, ẹ yà sí òsì gba Rua da Misericórdia lọ sí Praça da Sé. Àgbélébùú irin ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó ṣẹ́, tí ó sì wó lulẹ̀. Wọ́n gbé e síbẹ̀ ní 1999 ní ìrántí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n wó ní 1933 kí ojú irin lè ráyè kọjá. Ibẹ̀ dára fún fọ́tò. Ìṣẹ́jú 5 tó o.

Iwájú rẹ̀ ni Terreiro de Jesus, gbàgede tí ó fẹ̀, tí kàtídírà dojú kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Bràsíl wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808, inú ilé náà sì ni Museu Afro-Brasileiro wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia ń bójú tó láti 1982. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ẹ ó wọ̀ ní Salvador, ibẹ̀ ni mo ní kí ẹ wọ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí pákó igi kédárì 27 tí Carybé gbẹ́ wà lára ògiri. Ọmọ Ajẹntínà ni Carybé, ó sì fi Bahia ṣe ilé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan dúró lórí pákó tirẹ̀, àwọn kan ga ju ènìyàn lọ, pẹ̀lú ohun èèlò rẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹran tí ó jẹ́ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ka orúkọ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ní kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ wọn, kí ẹ dá wọn mọ̀ fúnra yín: ẹni tí ó mú ọfà, ẹni tí ó mú oṣé, ẹni tí abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka bí wọ́n ṣe ń kọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja pẹ̀lú lẹ́tà Potogí. Ẹ fún yàrá yìí ní ìdajì wákàtí ó kéré tán, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá wọ́n gbà kí a ya fọ́tò.

Ní òdì kejì gbàgede ni ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco wà, èyí tí gbogbo ìwé arìnrìn-àjò ń yìn nítorí wúrà tí ó bo inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2025, apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀, ó sì pa ọ̀dọ́bìnrin arìnrìn-àjò kan. Wọ́n tì í fún àtúnṣe lẹ́yìn èyí. Ẹ bèèrè kí ẹ tó fi í sínú ètò yín, bí wọn kò bá sì ṣí i, ẹ wo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Ordem Terceira. Òkúta ni wọ́n gbẹ́ ní ọnà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì ti wà lábẹ́ ìrẹ́lé fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó tún un rí. Ó pẹ́ tí mo ti gbà pé ọnà òkúta yẹn sàn ju wúrà náà lọ.

Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà lọ sí Largo do Pelourinho. Ibẹ̀ ni òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ní gbangba wà nígbà kan. UNESCO fi àdúgbò náà sí ara ogún àjọni àgbáyé ní 1985, láti 1992 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé náà ṣe, tí wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà oríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ń gbé inú wọn, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n kó kúrò nígbà náà. Ẹ rántí ìyẹn bí ó bá yà yín lẹ́nu pé ilé rẹwà tó bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ kò sì rí ọmọdé tí ń ṣeré níta.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù tí ó wà ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ti Nossa Senhora do Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú ni ó kọ́ ọ, ẹrú àti ọmọlómìnira pọ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ní 1704, ó sì gbà wọ́n tó bíi 100 ọdún láti parí rẹ̀, nítorí pé àkókò tí iṣẹ́ olówó wọn bá dá wọn sílẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi kọ́ ọ, àti ní òru. Àwọn ènìyàn mímọ́ aláwọ̀ dúdú wà lórí pẹpẹ inú rẹ̀, São Benedito àti Santa Efigênia lára wọn, itẹ́ òkú àwọn ẹrú sì wà ní ẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń fi ìlù ṣe ìsìn níbẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá pẹ́ kí ó tó ṣí lọ́jọ́ náà, ẹ ti rí oore ọ̀fẹ́ gbà. Ẹ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ibi ìjọsìn ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ṣì wà, wọ́n sì ń sin òkú wọn láti ibẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé yín, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Casa do Benin. Kékeré ni, 1988 ni wọ́n ṣí i, Lina Bo Bardi ni ó ya àwòrán àtúnṣe ilé náà, Pierre Verger sì ni ó kó àwọn ohun inú rẹ̀ jọ láti apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Verger yìí, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó dé Bahia ní 1946, tí ó tún wá di babaláwo ní Kétu, tí wọ́n fún un ní orúkọ Fátúmbí. Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ rántí pé gbogbo ibi tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ dé ni ẹ ó tún gùn padà.

Àkàrà

Ẹ ó gbọ́ òórùn epo pupa kí ẹ tó rí ìyá tí ń dín in. Aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń wọ̀, ó wé gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà rẹ̀ wà lọ́rùn. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ̀wà náà ti di bíbó àti lílọ̀ láti ilé. Níwájú yín, yóò fi ìgbákọ igi gígùn lù ú nínú ìkòkò títí yóò fi wú, tí yóò sì fẹ́lẹ́, yóò wá fi ṣíbí méjì mọ ọ́n ní ìrísí ẹyin ńlá, yóò sì rọra tú u sínú epo jíjìn tí ń hó. Epo pupa nìkan ni, kò sí òróró nínú rẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n, yóò yọ ọ́, yóò là á láàrin, yóò sì fi vatapá há a nínú, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì, wàrà àgbọn, ẹ̀pà, kaṣú àti edé gbígbẹ sè. Caruru tí wọ́n fi ilá ṣe wà níbẹ̀, tòmátò tútù wà níbẹ̀, edé gbígbẹ a sì gùn ún lórí. Ẹyọ kan tó oúnjẹ ọ̀sán. Láti 2005 ni ìjọba Bràsíl ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ogún orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ kí i kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun: “Bom dia, senhora.” Bí ó bá bi yín pé “Quente?”, ata ni ó ń bèèrè, kì í ṣe bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní gbígbóná. Ẹni tí kò bá fẹ́ ata yóò wí pé “Sem pimenta”, ẹni tí edé kì í bá lára mu yóò wí pé “Sem camarão”, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé edé ti wà nínú vatapá pẹ̀lú, nítorí náà àkàrà lásán ni kí ó gbà. “Quanto custa?” ni a fi ń bèèrè iye. Abará tún wà fún ẹni tí kò fẹ́ epo díndín púpọ̀, èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n bíi mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n sì sè. Èdè Potogí ni gbogbo ọjà. Yorùbá tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ̀, inú orin àti ìsìn ni ó wà, wọn kì í fi í ná àkàrà.

Nípa ilé òrìṣà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò fẹ́ lọ sí ilé òrìṣà fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó lókìkí wà: Casa Branca, Gantois, àti Ilê Axé Opô Afonjá tí Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Aninha, dá sílẹ̀ ní 1910. Kò sí èyí tí ó wà lẹ́bàá èbúté nínú wọn, alẹ́ ni wọ́n sábà ń ṣe ìsìn wọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí àlejò máa ya fọ́tò. Ẹni tí ó bá pàdé yín ní Terreiro de Jesus ní ọ̀sán gangan, tí ó ní òun yóò mú yín lọ wo ìsìn òrìṣà láàrin wákàtí méjì, owó yín ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní tòótọ́, kí ó kọ ìwé ṣáájú, kí ó sì wá lọ́jọ́ mìíràn tí yóò sùn nínú ìlú. Àwọn pákó Carybé tó fún ọjọ́ ọkọ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ àti ọjà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìdí ẹ̀rọ agbénigòkè nígbà tí ó bá ku wákàtí méjì ààbọ̀ kí gbogbo èrò wọlé, nítorí pé ìlà lè gùn bí ọkọ̀ méjì bá gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ilé aṣọ́bodè ni Mercado Modelo tẹ́lẹ̀. 1861 ni wọ́n kọ́ ọ, ọjà kó wọ inú rẹ̀ ní 1971, iná jó o ní 1984, wọ́n sì tún un ṣe. Aṣọ léèsì, ìlù, ọmọláńgidi àti berimbau, ohun èlò orin olókùn kan tí ó dà bí ọrun, ni wọ́n ń tà jù. Ẹ ná an bí ẹ ti ń nájà ní Dùgbẹ̀, wọn kò ní bínú. Ẹ má ra awọ ẹranko tàbí oúnjẹ tútù, nítorí àwọn tí ń yẹ ẹrù wò ní ẹnu ọkọ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ yín.

Àwọn ọmọkùnrin kan yóò fẹ́ so tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ kan mọ́ ọrùn ọwọ́ yín, wọn yóò ní ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ Bonfim ni. Kókó mẹ́ta ni wọ́n ń ta sí i, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í tú u títí yóò fi já fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ rà á ní ìdì kan nínú ọjà, kí ẹ so ó fúnra yín. Àwọn tí ń ta capoeira, ijó tí ó jọ ìjà, níta náà yóò gba owó fọ́tò, àti àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí kò ta àkàrà. Ẹ fẹnu kò sí iye kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

Ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 8 sí ibẹ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí apá, ẹsẹ̀ àti orí tí wọ́n fi ìda ṣe rọ̀ sókè àjà, ọpẹ́ àwọn tí ara wọn yá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín kò bá dúró di alẹ́, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ máa ń dí ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti ààbò, ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀. Gbéwiri ni ìṣòro tí ó wọ́pọ̀. Ẹ máa rìn ní òpópónà tí èrò àti ọlọ́pàá wà, ẹ má yà sí kọ̀rọ̀ tí ó dákẹ́ nítorí pé ó lẹ́wà, ẹ gbé àpò sí iwájú àyà, ẹ má sì máa fi fóònù wo máàpù ní àárín ọ̀nà. 190 ni nọ́ńbà ọlọ́pàá, 192 ni ti ọkọ̀ aláìsàn.

Ìpadà sínú ọkọ̀

Ẹ wà ní ẹnubodè èbúté ní wákàtí kan kí àkókò tó pé. Wọn yóò wo káàdì ọkọ̀ yín níbẹ̀, ẹrù yóò gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá, ó sì lè jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín dé ìdí ọkọ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ pẹ́, ẹ pe nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní alẹ́ àná, kí ẹ sì máa bọ̀ ní èbúté síbẹ̀síbẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó dá lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti ṣí, aṣojú yìí ni yóò sọ fún yín ibi tí ẹ ti lè bá a ní èbúté tí ó kàn, àpò yín ni owó bàálù tàbí ti hòtẹ́ẹ̀lì yóò sì ti jáde. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àpò kékeré tí ẹ gbé jáde láàárọ̀ ni páásípọ́ọ̀tù, bí ọkọ̀ bá dá a padà fún yín, tàbí ẹ̀dà ojú ewé físà bí wọn kò bá dá a padà, káàdì báńkì kan, ṣájà fóònù, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tí yóò tó ẹni tí ń lò ó fún ọjọ́ méjì.